Yàrá kan, ehoro méjì, àti àwọn tó wà nínú kéèjì

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ehoro ni mo bá wá lónìí, ehoro àti àwọn ẹran kéékèèké míì tó ń bá a gbé yàrá kan náà, torí àwọn tó ń bi mí léèrè ti pọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì fi ẹ̀mí ẹran kọ́gbọ́n bí èmi ṣe fi kọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹrin tá ò ti ríná rárá ní àdúgbò wa ní Kàbà nìyẹn. Aago méjì òru kọjá díẹ̀ ni NEPA mú un dé, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, fìríìjì ń kùn, mo ní kí n yí ẹ̀gbẹ́ padà kí n máa sùn mi lọ ni òórùn rọ́bà tó ń jó bá dé imú mi. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀yìnkùlé ló ti ń wá. Mo fò dìde, mi ò ráyè wọ bàtà, mo gba ẹ̀yìn lọ sí yàrá àwọn ẹran. Kí n tó ṣílẹ̀kùn ni mo ti ń gbọ́ gbà, gbà, gbà, àwọn àparò ni, wọ́n ń fò lu òrùlé kéèjì wọn nínú òkùnkùn, iná sì ń ta pàrà pàrà lẹ́sẹ̀ ògiri níbi tí wáyà gílóòbù wọn gbà kọjá. Mo sáré padà lọ pa suwíìṣì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, mo wá tan tọ́ọ̀ṣì wọlé. Wáyà yẹn ti já sí méjì, ojú ibi tó ti já mọ́ roro bí ìgbà téèyàn fi ọ̀bẹ gé e. Àparò méjì ti kú, wọ́n ti forí fọ́, ẹ̀kẹta ń gbọ̀n, ojú ẹ̀ kan ti wú. Àwọn gíní-píìgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rún mọ́ ara wọn sí kọ̀rọ̀ kan, wọn ò tiẹ̀ lè ké.

Oníbàtà, ehoro mi tó gé wáyà ńkọ́? Ó wà lábẹ́ tábìlì, ó ń jẹ koríko ẹ̀. Ìgbà tí ò síná ló ti gé e, nǹkan kan ò ṣe é.

Mi ò rí oorun sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo yàrá ni ẹni tó gé wáyà ní láti sá sí, àwọn tó wà nínú kéèjì ò sì ríbi kankan sá sí. Gbogbo ètò tí mo ti ń ṣe nínú yàrá yẹn látọjọ́ yìí, ehoro nìkan ni mo fi sọ́kàn, kí ehoro má ba nǹkan jẹ́, kí nǹkan má pa ehoro. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ohunkóhun tí ẹni tó ń rìn bá ṣe, àwọn tí mo sé mọ́ ló máa jẹ̀yà ẹ̀. Àtòru ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tún yàrá yẹn tò, kéèjì ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe débẹ̀ gan-an rèé. Stọ́ọ̀ ni yàrá yẹn tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú bọ́ìsì kọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé wa, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní mẹ́wàá lọ, páànù ló wà lórí ẹ̀, sílíìnì ẹ̀ ti já níbì kan. Ibẹ̀ la máa ń kó àpò kajú sí tí àsìkò kajú bá dé, àti iṣu, àti gbogbo ẹrù tí ò ríbi gbé. Ọmọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ mú gíní-píìgì méjì wálé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n, ó dà bí ẹmọ́ tí ò nírù, tó bá ti gbọ́ ìró ọ̀rá báyìí ó ti rò pé oúnjẹ ló dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké fììì fììì fììì, ó dùn ún gbọ́ létí. Méjì di mẹ́rin. Bàbá àwọn ọmọ wá ra àparò òyìnbó mẹ́jọ nítorí ẹyin. Ehoro méjèèjì, Oníbàtà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ funfun àti Ṣúgà tó jẹ́ abo, ìta ni wọ́n ń gbé nígbà yẹn, nínú àgò onípákó lábẹ́ igi máńgòrò. Lọ́dún 2020 la gbọ́ pé àìsàn ehoro kan tí wọ́n ń pè ní RHD ti wọ Kwara, pé ó ń pa ehoro lágbègbè Ìlọrin, téèyàn bá sì ti kọjá Ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ Kwara ló bọ́ sí yẹn. Àìsàn yẹn kì í mú èèyàn, kì í mú gíní-píìgì, kì í mú ẹyẹ, ehoro ló mọ̀, koríko lè gbé e, bàtà lè gbé e, eṣinṣin lè gbé e. Ẹ̀rù bà mí. Mo kó wọn wọlé, mo sì sọ pé níwọ̀n ìgbà tí wọn ò lè jáde mọ́, wọn ò ní wà nínú àgò, kí wọ́n máa rìn káàkiri yàrá. Bí yàrá kan ṣe di ti gbogbo wọn nìyẹn.

Wáyà ni mo kọ́kọ́ bá jà. Kó tó di òru tí mò ń sọ yẹn, Oníbàtà ti gé ṣájà méjì àti wáyà rédíò. Ẹnì kan ní kí n fi ata gígún po òróró kí n fi pa wáyà lára. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ehoro ò tiẹ̀ bìkítà, ó lá a kọjá, àmọ́ nígbà tí ata yẹn gbẹ tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń fẹ́ ẹ kiri inú yàrá, àwọn gíní-píìgì ló ń sín, wọ́n ń sín, omi ń bọ́ lójú wọn, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹ má fi ata sínú yàrá tí ẹran wà nínú kéèjì, mo bẹ̀ yín. Mo wá fi téèpù dúdú wé wáyà, ó jẹ téèpù náà.

Èyí tó là mí lójú ni ọjọ́ tí mo dojú bolẹ̀ gbalaja nínú yàrá yẹn. Mo tẹ́ aṣọ àlòkù, mo sùn lé e, mo gbé àgbọ̀n mi lé sìmẹ́ǹtì kí ojú mi lè wà níbi tí ojú ehoro máa ń wà. Ọmọ mi ní "Mọ́mì, kí lẹ̀ ń ṣe?" Mo ní kó sùn sílẹ̀ kóun náà wò. Ará ilé mi, yàrá yẹn yàtọ̀ pátápátá láti ilẹ̀! Gbogbo wáyà tí mo rò pé mo ti gbé pamọ́ sẹ́yìn tábìlì, ńṣe ni wọ́n dì rọ̀ bí gbòǹgbò igi. Gbòǹgbò náà sì ni ehoro pè é. Nínú ihò tó bá gbẹ́, gbòǹgbò tó bá dábùú ọ̀nà ẹ̀ ló máa ń gé kó lè ráyè kọjá, kì í ṣe ebi, kì í ṣe àgídí, ọ̀nà ẹ̀ ló ń tún ṣe. Eyín ẹ̀ kì í sì í dúró, títí tó máa fi kú ló ń hù, ti òkè lè hù tó 10 sẹ̀ntímítà lọ́dún kan tí ò bá rí nǹkan jẹ lọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà ata ò lè yanjú ẹ̀, ariwo ò lè yanjú ẹ̀. Wáyà ló máa kúrò lọ́nà.

Mo pe ẹlẹ́tíríìkì tó máa ń báwa ṣiṣẹ́. A yọ gbogbo ẹsitẹ́ńṣọ̀n kúrò nílẹ̀. Wáyà gílóòbù àwọn àparò, òkè ló gbà wá báyìí, inú páìpù PVC ló wà látorí sílíìnì títí dé ibi kéèjì, suwíìṣì ẹ̀ sì wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyẹn ṣe pàtàkì gan o, torí lóru ọjọ́ yẹn, ká ní suwíìṣì wà nítòsí mi, bóyá mi ò bá pàdánù méjì yẹn. Tí NEPA bá ti mú iná lọ báyìí, mo máa ń pa á látìta, tó bá dé mo máa wọlé fojú wo wáyà kí n tó tàn án. Ọkọ mi ní wàhálà mi ti pọ̀jù. Mo ní kó jẹ́ kó pọ̀.

Ọ̀rọ̀ àpò kajú wá kù. Mi ò tètè kó wọn kúrò níbẹ̀, mo ní ehoro ò lè jẹ kajú tútù, torí èèpo kajú yẹn ní òróró kan tó máa ń bó èèyàn lẹ́nu àti lọ́wọ́, ẹni tó bá ti bá wọn ṣa kajú rí mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni, kò fẹnu kan kajú. Àpò ló jẹ. Ẹ mọ àpò ìrẹsì tá a máa ń kó kajú sí, èyí tí wọ́n fi fọ́nrán ọ̀rá hun, Ṣúgà jókòó ti etí àpò kan, ó ń fa fọ́nrán yẹn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà téèyàn bá ń tú irun. Mo rí i, mo rò pé eré ló ń ṣe. Ọjọ́ kejì ló kọ oúnjẹ. Tí mo bá gbé ewé ọ̀dùnkún síwájú ẹ̀, èyí tó máa ń já gbà lọ́wọ́ mi, á kàn gbóòórùn ẹ̀, á yí ojú kúrò. Ó káwọ́ ká ẹsẹ̀, ó ń ti eyín mọ́ra kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ìyẹn sì ni pé inú ń run ún. Mo wo ìgbẹ́ ẹ̀: kéékèèké bí ata ìjọsì, fọ́nrán ọ̀rá ti so wọ́n mọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn. Àyà mi já.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ehoro ò lè bì. Ohun tó bá ti gbé mì, àfi kó bá ìdí jáde, tó bá há sí ikùn ẹ̀, ikú dé nìyẹn. Dókítà ẹranko tí mo pè lórí fóònù ní tí ehoro ò bá fẹnu kan nǹkan fún wákàtí méjìlá kí n má sọ pé ká wò ó di ọ̀la mọ́. Ó ní kí n máa rọra fọwọ́ ra ikùn ẹ̀, kí n máa fi síríǹjì tí ò lábẹ́rẹ́ ro omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu díẹ̀díẹ̀, kí n máa mú un rìn. Òun náà wá lọ́jọ́ kejì, ó gún un lábẹ́rẹ́ ìrora. Mo jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ yẹn títí àkùkọ fi kọ, mo ti ń bẹ Ọlọ́run. Ìdájí ni mo gbọ́ tó ń rún koríko. Mi ò mọ̀gbà tí omi bọ́ lójú mi.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àpò kankan nínú yàrá yẹn, kò sí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, kò sí fóòmù, kò sí ẹní rọ́bà. Gbogbo oúnjẹ wà nínú garawa onírin tó lọ́mọrí. Èmi náà ló tún kọ́kọ́ rò pé kí n fi kápẹ́ẹ̀tì tẹ́ ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn má máa yọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú u láti igun. Ẹní koríko ni mo ń tẹ́ báyìí, èyí tí wọ́n ń hun lọ́wọ́, tí wọ́n bá jẹ ẹ́ kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, tó bá tán mo ra òmíì lọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí gíní-píìgì torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe. Àwọn èèyàn á ní koríko ni àwọn méjèèjì ń jẹ, wọ́n á di ọ̀rẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ṣí kéèjì sílẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan kí wọ́n lè jọ ṣeré. Oníbàtà lọ gbóòórùn èyí tó kéré jù, ó lé e yípo tábìlì, ó wá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta á nípàá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ehoro lágbára gan-an, ẹni tó bá ti gbé ehoro tí ò fẹ́ kí wọ́n gbé òun rí mọ̀ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ kékeré yẹn tiro fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìtapá nìkan kọ́ ló sì wà níbẹ̀. Kòkòrò àìsàn kan wà tó ń jẹ́ Bordetella, ó lè wà nímú ehoro láì ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó bá wọ ara gíní-píìgì ó lè di òtútù àyà tó máa pa á. Nítorí náà ààlà tó wà láàárín wọn ju ọ̀rọ̀ pé wọn ò bára wọn jà lọ.

Kéèjì wọn nílẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀, nẹ́ẹ̀tì onírin ló yí i ká. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí nẹ́ẹ̀tì bá wà, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ehoro akọ máa ń tọ̀ síbi tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tòun ni, Oníbàtà á yí ìdí padà, á tọ̀ ọ́ gba inú nẹ́ẹ̀tì sára àwọn gíní-píìgì, sínú omi wọn, sórí koríko tí wọ́n ń jẹ. Tí mo bá débẹ̀ láàárọ̀ ara wọn á ti tutù, á máa rùn. Èyí tó kéré jù yẹn ni kì í rìn sí ẹ̀gbẹ́ yẹn mọ́ rárá, apá ibi tó kọjú sí ògiri ló máa ń jókòó sí tọ̀sán tòru, ibẹ̀ náà ló ti ń jẹun, mo kàn rò pé ibẹ̀ ló fẹ́ràn ni. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kó tó yé mi pé ẹ̀rù ló ń bà á. Nígbà míì Ṣúgà á tún fò gun orí kéèjì lọ dùbúlẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á há mọ́ abẹ́ ikùn ẹ̀, bí ìgbà tí àṣá rà bàbà lókè adìyẹ.

Káfíńtà gbé kéèjì yẹn kúrò nílẹ̀. Ó kan tábìlì gíga kan, ó ga tó mítà kan, kéèjì wá jókòó sórí ẹ̀. Mo ní kó fi pákó bo apá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí inú yàrá, kó fi nẹ́ẹ̀tì sí òkè nìkan kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kó sì ṣe ilé pákó kékeré sínú kéèjì tí wọ́n lè wọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní rí wọn. Lọ́jọ́ kẹta ni mo bá èyí tó kéré jù yẹn láàárín kéèjì, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, ó ń sùn. Mi ò tíì rí i kó sùn báyìí rí. Mo pe àwọn ọmọ wá wò ó.

Oúnjẹ wọn náà yàtọ̀ o. Gíní-píìgì dà bí àwa èèyàn, ara ẹ̀ ò lè ṣe fítámìn C fúnra ẹ̀, ehoro ní tiẹ̀ lè ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ń fún àwọn méjèèjì ní oúnjẹ ehoro, ẹnu gíní-píìgì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, oríkèé ara ẹ̀ á máa dùn ún. Tàtàṣé ni mo máa ń gé fún tèmi lójoojúmọ́, nígbà ọsàn mo máa ń fún wọn lọ́sàn díẹ̀. Ti àparò ló léwu jù lọ́dọ̀ ehoro. Ìyẹ̀fun oúnjẹ adìyẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà, òmíì nínú ẹ̀ ní oògùn tí wọ́n fi ń dènà ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ adìyẹ, irú bíi salinomycin, májèlé nìyẹn fún ehoro. Àparò sì máa ń fi ẹnu tú oúnjẹ ká, gbogbo ilẹ̀ abẹ́ kéèjì wọn ló máa ń wà. Mo fi páànù pẹlẹbẹ tó létí sábẹ́ kéèjì wọn, ó yọ síta ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, mo sì ń gbá abẹ́ ibẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ehoro, koríko ni iṣẹ́ ẹ̀, ewé yúnyun, ìgbálóde, ewé ọ̀dùnkún, mo máa ń sá wọn kí wọ́n rọ díẹ̀ kí n tó kó o wọlé.

Ìjàlọ ló wá fẹ́ mú mi kúrò nídìí gbogbo ẹ̀. Oṣù Kẹfà ni, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì, mo dé yàrá yẹn láàárọ̀, ilẹ̀ dúdú. Wọ́n ti gba ẹsẹ̀ tábìlì gùn ún. Abo gíní-píìgì kan ti bí ọmọ méjì lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n ti jẹ àwọn ọmọ náà. Ehoro méjèèjì ti fò sórí àga, ìjàlọ ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn tó wà nínú kéèjì náà ló tún jẹ̀yà ẹ̀. Ìyá ọkọ mi tó wá kí wa lọ́sẹ̀ yẹn bá mi gbá wọn, ó ní "Ìyàwó mi, eérú ni kó o bù yí ẹsẹ̀ ẹ̀ ká." A bu eérú, òjò rọ̀, ilẹ̀ tutù, eérú di ẹrẹ̀. Mo wá ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe, mo ki ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ agolo mílíìkì, mo da ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò sí i. Ìjàlọ ò gùn ún mọ́ lóòótọ́. Ọjọ́ kẹta ni Oníbàtà ta agolo kan dànù, ó rìn nínú ẹ̀, ẹsẹ̀ funfun yẹn dúdú kirikiri, ó sì jókòó ó ń lá a. Ehoro kì í fi ara ẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀, ohunkóhun tó bá kan ìrun ẹ̀, inú ikùn ẹ̀ ló ń lọ. Ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo fi fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́rin, mo fi aṣọ gbẹ ẹ́ dáadáa, mo ń ṣọ́ ọ fún ọjọ́ méjì.

Ẹ rí i pé ohun tó ń gba àwọn ti inú kéèjì là lè pa ẹni tó ń rìn. Mo ro ó títí. Níkẹyìn, wẹ́dà ló ràn mí lọ́wọ́: a yọ ẹsẹ̀ tábìlì kúrò pátápátá. Ṣéènì ni a fi so kéèjì àwọn gíní-píìgì àti ti àparò rọ̀ sórí igi àjà báyìí, mẹ́rin mẹ́rin, kò sí èyí tó kan ògiri, kò sí èyí tó kan ilẹ̀. Gíríìsì ni mo fi kun ṣéènì náà lókè níbi tó súnmọ́ àjà, èèyàn gan-an ní láti gun àga kó tó lè fọwọ́ kàn án, ehoro ò lè dé bẹ̀ láéláé. Mo máa ń tún un kùn lóṣooṣù, tó bá jẹ́ àsìkò òjò, ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ìjàlọ ti kọjá nínú yàrá yẹn lẹ́ẹ̀mejì látìgbà yẹn, wọn ò rí wọn jẹ. Ehoro ni mo gbé sínú àgò lọ sínú ilé ńlá kí wọ́n tó lọ.

Àwọn àparò, tiwọn ni ìbẹ̀rù. Tí Oníbàtà bá gbọ́ ajá lóru, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá ilẹ̀ gbì! Àparò tó bá ta jí, òkè tààrà ló máa ń fò, kì í fò sí ẹ̀gbẹ́. Bí àwọn méjì yẹn ṣe forí fọ́ nìyẹn. Mo yọ irin òrùlé kéèjì wọn, àwọ̀n rírọ̀ ni mo fi bò ó, mo wá rẹ òrùlé yẹn sílẹ̀ títí kò fi sí àyè tí wọ́n á ti sáré fò. Lálẹ́ mo máa ń fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Kò sí èyí tó tún forí fọ́.

Oògùn eku, òtapiápiá, kọ́ìlì ẹ̀fọn, ẹ má jẹ́ kí ìkankan wọ yàrá yẹn. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ ò lè gba èéfín yẹn, ehoro á sì jẹ oògùn eku tayọ̀tayọ̀. Àwọ̀n ojú wíńdò tó ṣe déédéé, àti oúnjẹ tó wà nínú garawa tó dé dáadáa, ìyẹn ti tó lé eku àti ẹ̀fọn.

Tí ooru oṣù Kẹta bá dé, páànù yẹn máa ń gbóná bí ààrò. Ehoro ò lè làágùn, tó bá ti kọjá 30 lórí tẹmomítà, ìnira ti dé bá a nìyẹn. Mo máa ń fi omi tútù rin ìkòkò amọ̀ méjì, mo máa dojú wọn dé, ehoro á lọ fara tì í. Àmọ́ àwọn tó so rọ̀ lókè, ọ̀dọ̀ wọn ni ooru ń kó jọ sí. Mo fi sílíìnì tuntun sí i, mo fi bíríìkì alálàfo sí òkè ògiri méjèèjì kí atẹ́gùn máa gba orí wọn kọjá, lọ́sàn-án gangan mo máa ń dì yìnyín sínú agolo tó dé, mo máa fi aṣọ wé e, mo máa gbé e ti ẹ̀gbẹ́ kéèjì. Inú agolo o, kì í ṣe inú ọ̀rá.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tún lọ dojú bolẹ̀ níbẹ̀, mo máa ń ṣe é lóṣù méjì méjì, ọmọ mi ti ń bá mi ṣe é láì jẹ́ pé mo pè é. Òun ló rí i. "Mọ́mì, ẹ wo fírémù ilẹ̀kùn." Eyín Oníbàtà wà lára ẹ̀ lọ́wọ́ ìsàlẹ̀, méjì méjì, jinlẹ̀, pákó ti ń yọ funfun, díẹ̀ ló kù kó kan ihò tí wáyà suwíìṣì ìta gbà wọlé. Mo ti wọn páànù tí mo fẹ́ fi bò ó. Wẹ́dà ní òun ń bọ̀ ní Sátidé, di ìgbà yẹn, mo gé ẹ̀ka igi máńgòrò kan, mo fi tì í síbẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ báyìí.